Ọkọ̀ Tí Eslin Kò Lè Dárúkọ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Eslin jẹ́, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu lórí ìgbà èwe rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ tó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù Obed ní abúlé Toak, ní erékùṣù Ambrym, tí eérú òkè oníná ń bọ́ sórí ìborùn rẹ̀. Ó ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e sọdá òkun lọ sí erékùṣù Epi. Ó mọ ọkọ̀ náà dáadáa, kò kàn lè dárúkọ rẹ̀ ni.

Tarip ni orúkọ ọkọ̀ náà. Èmi lè pè é, ẹ̀yin náà lè pè é. Eslin kò lè pè é, nítorí Tarip náà ni orúkọ ọkùnrin tó fẹ́ Melian, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í dárúkọ ọkọ ọmọ rẹ̀. Kì í wo ojú rẹ̀, kì í bá a sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ pàdé lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú wọn á yà sínú igbó títí èkejì á fi kọjá. Ẹni tó ni ọkọ̀ ń gbé ní olú ìlú, Port Vila, ní tirẹ̀, ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ sọ ọkọ̀, kò sì wá bi Eslin léèrè kí ó tó kùn ún sára irin. Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ yẹn bá ti yọ, àfi kí Eslin wá aládùúgbò tí yóò bá a pè é.

Pípè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kò sí èbúté ní iwájú abúlé wa, ọkọ̀ kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni. Ẹni tó bá ní ẹrù á gbé ọ̀pẹẹrẹ rẹ̀, á wà á jáde, á sì pe ọkọ̀ lórúkọ. Bó bá jẹ́ pé ó kàn ń ju ọwọ́ tó ń pariwo pé kí wọ́n dúró, àwọn atukọ̀ á ju ọwọ́ padà sí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa bá tiwọn lọ, torí kò sí apẹja tàbí ọmọdé etí òkun tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó bá pe orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n mọ̀ pé ó ní nǹkan í gbé.

Isu ló ń lé Eslin jáde nílé. Eérú tó ń bọ́ láti orí òkè lọ́dún yẹn kì í ṣe ti àwàdà. Òjò tó wá pò mọ́ ọn jó gbogbo ewé inú oko, ó wọ inú ilẹ̀, isu sì ń jẹrà kí wọ́n tó wà á. Isu gígùn funfun kan wà tí ìyá Eslin gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ìyẹn náà gbà lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó ní in ní gbogbo ìhà gúúsù Ambrym. Nígbà tí wọ́n sin Melian lọ sílé ọkọ ní Epi, Eslin di èbù isu náà kún apẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé orí àwọn ẹní tí wọ́n fi sìn ín. Ní báyìí tí ti Toak ti run pátá, bí isu yẹn bá ṣì kù nílé ayé, a jẹ́ pé ó kù ní Epi. Bí òjò ńlá bá sì bẹ̀rẹ̀ kí ó tó rí i gbìn, ó ti parí nìyẹn.

Àwọn ènìyàn ní kó fi í sílẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ń kó ìrẹsì bọ̀, wọ́n ní kó gbin ẹ̀gẹ́. Wọ́n tún rán an létí, àwọn tí kò lè pa ẹnu mọ́, pé ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilẹ̀ Epi mọ́. Òótọ́ ni, ó búra. Ní ọdún tí Melian kú, ìròyìn dé pé wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ bọ̀ wálé. Eslin tẹ́ ẹní sí etí òkun Toak, ó jókòó tì í. Ọkọ̀ kọjá, kò já ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tó yá ló gbọ́ pé wọ́n ti sin ín sí Epi. Kò lọ síbi àsè ọgọ́rùn-ún ọjọ́. Ó ní ọkùnrin tí kò lè dá ọmọ òun padà fún òun, kí ó máa jẹ àsè rẹ̀ ní òun nìkan.

Ó gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ tán, ó ní, "Mo búra pé mi ò ní lọ jẹun níbẹ̀. Mi ò búra pé mi ò ní lọ gba isu mi." Ó dì mọ́ apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Obed.

Obed, ará erékùṣù Tanna, kò tíì pẹ́ tó dé abúlé wa. Òun ló ń ta ìrẹsì àti ẹja inú agolo, òun náà ló sì ń bá wa fi fóònù bá àwọn ọ́fíìsì ọkọ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn gbogbo àgbà ọkùnrin ti lọ gbá eérú kúrò lórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì kó má baà wó, kò sì sí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Màmá, ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ wọ̀?"

"Èyí tó ń gba Paama lọ sí Epi tààrà."

"Ó lórúkọ."

"Mo mọ̀ pé ó lórúkọ, ọmọ mi. Ẹnu mi ni ò gbà á."

Obed wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé eyín ló ń dùn ún. Ó ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Eslin ní bí ọwọ́ òun bá kọ ọ́, ṣé kì í ṣe ara òun kan náà ni ọwọ́ wà. Wọ́n bọ́ sórí ìjíròrò títí wọ́n fi rí ọgbọ́n kan ta sí i.

"Máa ka orúkọ àwọn ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan," ni Eslin wí. "Tó o bá ti dé orí ẹ̀, màá wúkọ́."

Obed gbé fóònù sétí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọgbọ́n yìí dára, ó dára gan-an, àfi pé kò sí ẹni tó bá eérú sọ ọ́. Bí Obed ṣe ní "Moning Sta" báyìí ni atẹ́gùn gbé ẹ̀kún ọwọ́ eérú kan wọlé, ó sì rọ́ ọ sí Eslin lọ́fun. Obìnrin náà wúkọ́ títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi rí ọ̀rọ̀ sọ, Obed ti pariwo sínú fóònù pé èrò kan wà ní Toak fún Moning Sta, fóònù sì ti kú, nítorí òpó ìbánisọ̀rọ̀ orí òkè kì í pẹ́ kú bí eérú bá ti ń bọ́.

Ó ní, "Ìyẹn kọ́. Eérú nìyẹn."

"Màmá, ikọ́ lẹ ní kí n máa gbọ́. Mo sì gbọ́ ikọ́."

Moning Sta ò mọ ọ̀nà tààrà rárá. Ọkọ̀ tó ń kó àgbọn gbígbẹ ni, ìwọ̀-oòrùn ló ń kọ́kọ́ kọrí sí, yóò dé erékùṣù Malekula, yóò yà ní gbogbo ibi tí àpò àgbọn bá ti ń dúró dè é, ìgbà tó bá wù ú ni yóò tó rántí Epi. Àwọn ará Toak ní kí Eslin dúró de ọkọ̀ tirẹ̀. Ó bi wọ́n bóyá òjò náà yóò dúró. Ó wọlé sínú ọkọ̀, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sórí àpò àgbọn láàárín ẹlẹ́dẹ̀ méjì tí wọ́n so mọ́ irin, ó jókòó.

Òkun kò bá a ṣeré. Ó bì, ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá bì. Gbogbo etí òkun Malekula ni wọ́n yà sí, àwọn atukọ̀ sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa, wọ́n ń pè é ní Màmá tó gba ẹ̀yìnkùlé wọ iwájú ilé. Ó bi wọ́n pé ṣé ọkọ̀ wọn yìí kò ní dé Epi láéláé ni? Wọ́n ní yóò dé. "Ó dáa nígbà náà," ló wí, "mo ti wọ̀ ọ́." Ó fa apẹ̀rẹ̀ òfìfo rẹ̀ mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n máa fi rí orí òkè Lopevi tó ń rú èéfín láàárín òkun, òjò ti ń ṣú, ìkùukùu dúdú sì ti ń kóra jọ níhà àríwá. Ọ̀gá atukọ̀ sọ fún un pé àwọn ò ní padà gba ibí, pé Port Vila ni àwọn forí lé. Ó ní ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí yóò gba ibẹ̀ gòkè lọ sí Ambrym kí ojú ọjọ́ tó bàjẹ́. Bó ṣe la ẹnu láti dárúkọ rẹ̀ ni Eslin ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Ibi tí wọ́n já a sí jẹ́ etí òkun kékeré kan tí ẹbí Tarip nìkan ń gbé. Fóònù kì í gbà níbẹ̀. Leisau, ẹ̀gbọ́n Tarip obìnrin, ló sáré wá pàdé rẹ̀ nínú omi. Àwọn méjèèjì gbé orí lé èjìká ara wọn, wọ́n sì sunkún Melian bó ṣe yẹ kí wọ́n ti sun ún láti ìgbà yìí wá. Tarip ti rí i láti òkèèrè. Ó ti gba ẹ̀yìn ilé wọgbó.

Leisau mú un lọ sí ibojì. Wọ́n ti fi òkúta funfun inú òkun yí i ká, wọ́n gbin òdòdó pupa sí orí rẹ̀, kò sì sí koríko kan lórí ilẹ̀ ibẹ̀. Eslin dúró tì í. Ó ti mú èébú wá láti Ambrym, ó ti ń tò ó jọ láti Malekula, ṣùgbọ́n ibojì náà mọ́ tónítóní, èébú náà kò sì mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ó dùn ún gan-an. Ó rọrùn fún un láti máa bínú sí ibojì tí kò rí.

Wọ́n jẹ laplap, isu rírin tí wọ́n wé sínú ewé tí wọ́n fi òkúta gbígbóná sè. Ó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀ pé kì í ṣe isu tirẹ̀. Ó bi Leisau léèrè. Leisau ní òun ò mọ nǹkan kan, ó nawọ́ sí àká kékeré kan lẹ́yìn ilé, tí wọ́n so ewé namele mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá so ewé yẹn mọ́ nǹkan ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Leisau ní ọdún kẹta rèé tí ewé náà ti wà níbẹ̀, pé àbúrò òun nìkan ló ń wọlé síbẹ̀. Eslin ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọkọ ọmọ òun ti jẹ ẹ́ tán, ìtìjú ló fi ewé bò. Tàbí kó jẹ́ pé ìyàwó tuntun ló ń tọ́jú rẹ̀ dè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni ẹsẹ̀ kan dún lẹ́yìn ògiri ọparun ilé ìdáná. Eslin yí ẹ̀yìn sí ibẹ̀ kíá. Ajá Leisau nìkan ló wà ní ẹnu ọ̀nà tó ń họ ara, òun sì ni Tarip bá sọ̀rọ̀, nítorí kò sí èèwọ̀ láàárín òun àti ajá.

"Ajá," ló wí, "àwọn tó ti Ambrym wá ń wo ẹnu ọ̀nà àká. Bá mi sọ fún wọn pé mi ò jẹ ẹyọ kan nínú isu ọmọ wọn láti ọjọ́ tó ti lọ. Mo ń gbìn ín, mo ń wà á, mo tún ń gbìn ín. Ti wọn ni. Mo ti ń retí wọn, wọn ò wá."

Inú Eslin dùn nípa isu, ó sì tún bínú.

"Ajá," ló wí, "sọ fún un pé ó ṣeun. Kó o wá bá mi bi í, ẹni tó lè tọ́jú isu mi tó báyìí, kí ló dé tí kò lè gbé ọmọ mi wá fún mi? Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè é."

Ajá dá ara híhọ dúró, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún. Leisau dojú kọ ilẹ̀.

"Ajá, mo gbé e jáde," ni ohùn náà wí, ó sì ti yí padà. "Mo fi ẹní wé e, mo tẹ́ ẹ sínú ọ̀pẹẹrẹ, mo wà á jáde lọ pàdé ọkọ̀. Ọkọ̀ náà súnmọ́ mi débi pé mo rí ojú wọn. Mo ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ju ọwọ́ sí mi. Orúkọ tí ì bá dá wọn dúró, ìwọ náà mọ orúkọ tó jẹ́. Mo pè é nínú ikùn mi, kò jáde. Wọ́n kọjá lọ, mo sì gbé e padà wá sílé."

Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, títí ayé ni wọ́n á máa fi í ṣẹ̀sín, wọ́n á ní ó gbé ara rẹ̀ tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò lè bá a pè é, èèwọ̀ ni fún òun náà, àwọn yòókù tó wà ní etí òkun náà sì ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n àti ọmọ ẹ̀gbọ́n, ẹnu gbogbo wọn ló wà ní dídè. Eslin fẹ́ bínú. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ènìyàn tó wà láyé, òun tó fi ikọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Malekula ló mọ bí orúkọ yẹn ṣe wúwo tó.

Wọ́n já ewé namele náà lọ́jọ́ kan náà. Èbù kún àká dé òrùlé.

Ní òwúrọ̀ tí ọkọ̀ máa kọjá, èéfín Lopevi ti bo ojú òkun. Iná tí wọ́n dá sí etí òkun kí wọ́n lè rí wọn kò yàtọ̀ sí èéfín yòókù. Leisau àti Eslin kó apẹ̀rẹ̀ èbù sínú ọ̀pẹẹrẹ kan, Tarip kó ìyókù sínú tirẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé wọn ní ọ̀nà jíjìn, ó dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má baà rí ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọ̀run ti ṣú. Àárá ń kùn níhà Ambrym.

Ọkọ̀ yọ. Leisau gbé àjẹ̀ sókè, ó pariwo pé kí wọ́n dúró, ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi ha. Àwọn atukọ̀ dúró létí ọkọ̀, wọ́n ju ọwọ́, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jó díẹ̀ fún wọn. Ọkọ̀ kò dẹ eré rárá. Eslin rí orúkọ náà lára rẹ̀ gàdàgbà, lẹ́tà funfun lórí irin pupa, ó ń kọjá lọ níwájú rẹ̀.

Ó dìde dúró nínú ọ̀pẹẹrẹ. Ó ti pinnu. Iye ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n bá ní kí òun san láti fi wẹ ẹnu òun mọ́, òun á wá a. Ìtìjú kọ́ ni yóò pa isu ìyá òun. Ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu.

Ohùn ọkùnrin ló jáde, láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Tarip! Tarip! Èmi Tarip ni mò ń pè yín!"

Ó pè é, ó sì tún un pè. Ó pè é bí ẹni tó ń lé nǹkan jáde nílé, ó pè é títí ẹkún fi bọ́ sínú rẹ̀, títí ẹ̀rọ ọkọ̀ fi relẹ̀ tí iwájú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀. Nígbà tí wọ́n tilẹ̀ ti ń sọ okùn sílẹ̀, ó ṣì ń pè é.

Ó yẹ kí Eslin di etí. Ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ wà lórí apẹ̀rẹ̀ èbù, kò sì gbé wọn kúrò níbẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó kọ sí i.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ gbé ẹrù tirẹ̀, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì gbé ẹrù ti Tarip, kí àwọn méjèèjì má baà pàdé. Kí Eslin tó di okùn mú, ó tẹ̀ sún mọ́ Leisau.

"Tó o bá délé," ló wí, "bá mi sọ fún ajá yẹn pé mo gbọ́."

Òjò dé lẹ́yìn tó ti gbin èyí tó kẹ́yìn ní Toak. Gbogbo abúlé ló bá a kọ ebè, tí wọ́n gbá eérú sápá kan kí wọ́n tó rí ilẹ̀ dúdú, Obed náà bá wọn kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ebè tirẹ̀ wọ́. Lọ́dọ̀ wa, isu tó bá ti òkun dé ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá. Nígbà tí òjò dá, tí wọ́n jókòó láti sinmi, Obed tí kò mọ nǹkan kan béèrè orúkọ tí àwọn yóò máa pe isu náà báyìí. Gbogbo ènìyàn ń wo Eslin. Òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, kò sí eérú nínú atẹ́gùn rárá.

Eslin wúkọ́.

Obed wò ó. Ó ronú díẹ̀, ó rọra dárúkọ ọkọ̀ kan. Eslin ò mira. Ó dárúkọ òmíràn, obìnrin náà kàn ń nu erùpẹ̀ kúrò ní ọwọ́. Ó wá dárúkọ ẹ̀kẹta, èyí tó ń gba Paama lọ sí Epi tààrà, Eslin sì wúkọ́, ó wú u dáadáa, ó sì tún un wú, títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀.